Ǹjẹ́ Inú Rere Nìkan Tó? Ọ̀rọ̀ Lórí Oògùn Ìrora Tí A Fi Ń Ta Ara Wa Lọ́rẹ

 

Àwọn àgbà máa ń wí pé igún ṣoore, igún pá lórí. Àkàlà ṣoore, àkàlà yọ gẹ̀gẹ̀. Bí ẹni tó ṣoore bá ti rí ibi gbà, òwe yìí ni a fi ń tu ara wa nínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn, òun ni a sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ṣe lóore ni ibi bá ńkọ́? Ǹjẹ́ inú rere tí a fi ṣe é tó láti dá wa láre?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2019, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, arábìnrin wa kan kò lè dìde lórí àga. Orúnkún ló ń dà á láàmú. A rí i bí ó ti ń di bẹ́ǹṣì iwájú mú, àánú sì ṣe wá. Oògùn tí dókítà kọ fún àwa náà nítorí orúnkún wà nínú báàgì wa, diclofenac ni. A mú káàdì kan fún un, a ní kí ó máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kí ó sì rí i dájú pé òun ti jẹun. Àwọn tó wà níbẹ̀ súre fún wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọge. Nígbà tí tiwa tán, ó ra òmíràn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ pè wá lórí fóònù pé ìyá òun ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, òòyì sì ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n bá ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára. Ibẹ̀ ni a ti wá mọ ohun tí a kò béèrè. Ọgbẹ́ inú ti ń bá a jà tipẹ́. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sì tún ń lo ibuprofen tí ọmọ rẹ̀ rà fún un nítorí ẹ̀yìn ríro. Orúkọ oògùn méjèèjì kò jọra, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí dókítà bi í pé ta ló ní kí ó máa lo diclofenac, ó dáhùn láìbẹ̀rù pé, "Màmá Tíṣà wa ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí wa títí di òní.

Àwọn ará tù wá nínú. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ọkàn wa, wọ́n ní ire la rò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ara wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Bí ọmọ kan bá mú ìwé rẹ̀ wá, tí a sì fi máàkì sí i láì ka ohun tó kọ, bí máàkì náà tilẹ̀ pọ̀, ta ni yóò pe ìyẹn ní inú rere? Ohun tí a ṣe fún arábìnrin wa kò yàtọ̀ sí i. A fún un ní ìdáhùn kí a tó ka ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí àwọn oògùn wọ̀nyí ń ṣe nínú ara. Àwọn tí à ń wí ni ibuprofen, diclofenac, naproxen, piroxicam, àti aspirin pàápàá. Wọ́n ń pa ìrora, wọ́n sì ń mú kí ibi tó wú rọlẹ̀. Aspirin ti wà lọ́jà láti 1899, síbẹ̀ ó di 1971 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, tó fi hàn bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ara wa máa ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Èròjà yìí wà lára ohun tó ń mú kí orúnkún wú kí ó sì máa ro wá. Òun kan náà ló ń dáàbò bo ara ikùn lọ́wọ́ omi kíkan tó ń da oúnjẹ, tó sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé kíndìnrín bí ó ti yẹ. Oògùn náà kò mọ èyí tó jẹ́ ti orúnkún yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ikùn. Bí ó ti ń dá ti ibí dúró ló ń dá ti ọ̀hún dúró.

Nítorí náà, kí a jẹun kí a tó lò ó dára, ó máa ń dín inú rírun kù, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà ọgbẹ́, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń gbà ṣiṣẹ́. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, kí ó sì sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìlágbára. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn tó ń mú ni tọ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Àní àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ti ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1999, oògùn kan nínú ìdílé yìí tí wọ́n ń pè ní Vioxx jáde, pẹ̀lú ìrètí pé kò ní pa ikùn lára tó àwọn yòókù. Ní 2004 wọ́n kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé, nítorí ó ń fi kún ewu ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè ṣì í, kí ni ti àwa tí a kàn ṣí báàgì?

Ẹnìkan lè wí pé: bí a kò bá fún un, ta ni yóò fún un? Dókítà jìnnà, owó kò sí, ìrora kì í sì í dúró de ọjọ́ tí owó yóò dé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. John Wesley pàápàá bá a pàdé. Ní 1746, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tálákà ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ó mú apòògùn kan àti oníṣẹ́ abẹ kan tó mọṣẹ́ mọ́ra, ó sì pinnu pé òun kò ní kọjá ibi tí ìmọ̀ òun mọ. Àìsàn tó bá díjú, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò lọ. Nínú ìlànà tó fi lélẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1743, kí a má ṣe ibi ló kọ́kọ́ wà, kí a ṣe rere ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, a máa ń ka méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ìsinsìnyí ni a rí ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀.

Èrò tiwa nìyí. Kò sí ẹni tó lè dá wa lẹ́bi fún ohun tí ẹ̀dá kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ìbá mọ̀ bí a bá ya ẹnu béèrè, ọrùn wa ló wà. Ó sì wúwo jù lọ́rùn ẹni tí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Arábìnrin wa kò mọ oògùn náà rí. Àwa ni ó mọ̀, nítorí náà ni ó ṣe gbé e mì. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àánú kò gbọdọ̀ dí wa lójú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Oògùn tí dókítà kọ fún wa, tiwa nìkan ni. Kí a má ṣe pín in.

2. Kí ẹnikẹ́ni tó lo èyí tí a ń rà láìsí ìwé dókítà, kí a béèrè: ǹjẹ́ ó ti ní ọgbẹ́ inú rí? Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée? Ǹjẹ́ ó lóyún? Oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́, títí kan àgbo? Bí ìdáhùn kan bá mú iyèméjì wá, ọ̀dọ̀ apòògùn tàbí dókítà ló kàn.

3. Kí a ka orúkọ oògùn gan-an lára páálí, kí a má baà lo méjì nínú ìdílé kan náà pọ̀.

4. Ibuprofen oní-200 mílígíráàmù, ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ni fún àgbàlagbà, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ lóòjọ́ láìsí àṣẹ dókítà. Ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀.

5. Paracetamol kì í ṣe ara ìdílé yìí, kì í sì í dá ọgbẹ́ sí ikùn bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n òun náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù. Oní-500 mílígíráàmù kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ lóòjọ́.

6. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ní aspirin, àyàfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀.

7. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, bí a bá bì ẹ̀jẹ̀, bí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá wú, bí ìtọ̀ bá dín kù, tàbí bí àyà bá ń dunni, kí a dá oògùn náà dúró, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ kíá.

Nígbà tí arábìnrin wa padà sílé, a lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣàánú mi, kí ni mo fẹ́ bínú sí?" A ní kò rí bẹ́ẹ̀, àánú náà kò pé ni. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ àtirí dókítà rẹ̀ bá pé, a jọ máa ń wọkọ̀ lọ. A kọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan tó ń gbé nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, a sì kọ tiwa náà. Orúnkún ṣì ń dùn wá àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n a ń rìn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa kọ tirẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń ṣàánú àti ẹnu tó ń béèrè. Àmín.