Kí Ni Kí A Sọ fún Ọmọ Tí Kò Ga?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ọmọkùnrin kan ní Ìrẹsà bá sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, tí ẹ wò ó láti òkè dé ilẹ̀ tí ẹ rí i pé kò ga, kí ni ẹ ó sọ?

Ẹlòmíràn yóò fi Tyrone Bogues, tí wọ́n ń pè ní Muggsy, ṣe àpẹẹrẹ fún un. Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní 1965. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3 péré ni gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òrùka àwọ̀n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè. Sákéù rí igi gùn. Kò sí igi lórí pápá yìí. Síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù nínú NBA láti 1987 títí di 2001, kò sì tíì sí ẹni tí ó kúrú tó o níbẹ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní rẹ̀, ní Washington, inú ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Manute Bol ọmọ Sudan wà, ẹni tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 7. (Yunifásítì Wake Forest tí ó ti kàwé, àwọn Onítẹ̀bọmi bí àwa ni ó dá a sílẹ̀ ní 1834.)

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún ọmọ náà pé ìgbìyànjú nìkan ni ó gbé Bogues débẹ̀. Irọ́ ni, bí ó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́. Àìmọye ọmọ kúkurú ni ó gbìyànjú tí a kò gbọ́ orúkọ wọn. Bogues kò bá àwọn òmìrán du òkè. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, níbi tí ẹni gíga ní láti bẹ̀rẹ̀ gidigidi kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Ó ń já a gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò jù ú sáwọ̀n. Ó lé ní ìgbà 6,700 tí bọ́ọ̀lù tí ó fi ránṣẹ́ di ayò fún ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ta ni ó wá fún un láàyè? Lẹ́yìn ọdún kan, Washington jẹ́ kí ó lọ. Charlotte, ẹgbẹ́ tuntun, mú un ní 1988, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 1997. Gíga rẹ̀ kò yí padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá ọmọ yẹn lóhùn, ẹ ní kí ó gbé bọ́ọ̀lù wá. Ẹ wo ohun tí ó lè ṣe tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, kí ọdún rẹ̀ má baà ṣòfò. Bí ó bá sì wà, ẹ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ.