Ta Ni Arákùnrin Rẹ Nínú Ọjà?

Ẹ̀yin ará, àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Sátidé kan mo ti Life Camp níhìn-ín lọ ra ìrẹsì ní ọjà Karmo. Èmi àti ìyá kan, onígbàgbọ́ bí tiwa, ná an títí, a sì fi ẹnu kò sí iye kan. Bí ó ti gbé mudu láti wọ̀n ọ́n ni mo ní kí ó dúró ná. Mo yà sí ìsọ̀ kejì, ti bàbá Mùsùlùmí kan ará Ọ̀yọ́, mo bi í bí tirẹ̀ yóò bá dín díẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Oníbàárà mi, ẹ̀yin àti ìyá yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wá lọ́jọ́ mìíràn, màá tà fún yín.”

Ojú tì mí, èmi akọ̀wé ìjọ.

Òfin tí bàbá náà tẹ̀lé wà nínú àwọn hadíìsì tí Bukhari àti Muslim kó jọ ní nǹkan bí 1,150 ọdún sẹ́yìn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tajà lórí ọjà tí arákùnrin rẹ̀ ti tà. Kì í ṣe pé a kọ ìdíje. Kí a tó fi ẹnu kò, olúkúlùkù lè pe oníbàárà, kí ó sì dín owó. Wọ́n gba gbàǹjo pàápàá láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùtà àti olùrà bá ti gbà fún ara wọn, ẹni kẹta kò gbọdọ̀ dá sí i. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ lọ pàdé ẹni tí ń kó ẹrù bọ̀ lójú ọ̀nà, kí ó tó gbọ́ iye tí ọjà ń lọ. Bí a bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè fagi lé e nígbà tí ó bá dé ọjà. (Ẹ̀yin alájàpá wa, ẹ má bínú sí mi.)

Ẹnìkan lè wí pé, ǹjẹ́ ẹ̀dínwó kò ha ran òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná lọ́wọ́? Ó ràn án. Ṣùgbọ́n èmi ì bá ti yí ọjà ká kí n tó bá ìyá náà sọ̀rọ̀ parí. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ́ kí oníbàárà mìíràn kọjá lọ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Èyí tí ó mú mi jù ni “arákùnrin” náà. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ òfin wọn, bí al-Awza'i ará Síríà, ní Mùsùlùmí nìkan ni. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà wà nínú rẹ̀. Bàbá ará Ọ̀yọ́ yìí kò sì bi mí léèrè ìsìn ìyá náà. Àwa ńkọ́? Mo ti rí ọmọ ìjọ tí ó fa oníbàárà jáde ní ìsọ̀ Mùsùlùmí lẹ́yìn tí wọ́n ti náà tán, ó ní, “Ara wa ni, ẹ wá rà lọ́dọ̀ mi.” Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Èmi náà kò bá a wí.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọn ìrẹsì náà kún mudu, ó sì bu ènì lé e.