Ìwúre fún Àdúgbò tí Ilé Gíga Ń Bọ̀ Wá Bá

Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ-káyé, Ìwọ tí o ni ilẹ̀, tí o sì ni òfuurufú tí wọ́n ń kọ́lé wọ̀ báyìí, àwa ará Súrùlérè tún dé iwájú rẹ. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó wà ní igun òpópónà wa, àwọn ọmọ olóògbé tó ni ín ti tà á. Páànù ti yí i ká. Wọ́n ní fúláàtì ló ń bọ̀ níbẹ̀, àjà lórí àjà, ọ̀pọ̀ ẹbí níbi tí ẹbí kan ṣoṣo ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọkàn wa kò balẹ̀, ìyẹn la fi ya ẹnu. Kí ohun tí a bá fi ẹnu wa sọ láàárọ̀ yìí kó di àṣẹ.

A ò wá ṣẹ́ èpè. Ẹni tó ra ilẹ̀ àti ẹni tó tà á, kí ire bá àwọn méjèèjì. Kí owó tí àwọn ọmọ olóògbé pín má dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn (ó ṣe tán, àìgbọ́ra-ẹni-yé ti ta ilé bàbá ju bí àìrówó ṣe tà á lọ). Kí ẹni tó ń kọ́lé tà jèrè, kí èrè rẹ̀ má sì ti ara ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wá.

O rántí bí a ṣe dé ibí, Olúwa. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Èkó. Nítorí àrùn náà, ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ pé kí ó tún ìlú ṣe. Nígbà tó di 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà ní kí àwọn òbí wa dìde láàárín Erékùṣù Èkó, pé ilé fún mọ́ ilé jù, pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n wó agboolé, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn wá sí Súrùlérè. Àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà torí pé ọ̀nà jìn. Ẹbí tó ti ń jẹun pọ̀ láti ìran dé ìran fọ́n ká. Omijé wà nínú ìdákẹ́jẹ́ tí à ń gbádùn lónìí.

Nítorí náà, má jẹ́ kí a gbàgbé ara wa débi tí a ó fi dúró lẹ́nu géètì, tí a ó máa sọ fún tọkọtaya tó ń wá yàrá pé àdúgbò ti kún. Àìsí ààyè náà ni wọ́n fi lé tiwa wá. Ọmọ tiwa gan-an ń háyà ilé ní Ìkòròdú, ó ń jí láago mẹ́rin kí ó tó lè bá mọ́tò dé ibi iṣẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá òun ni yóò gba ọ̀kan nínú fúláàtì wọ̀nyí? Àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n bá wa láyọ̀. Kí wọ́n bímọ síbẹ̀, kí wọ́n sin òbí wọn níbẹ̀ nígbà tó bá tọ́. Kí fèrèsé òkè má sì di ibi tí wọ́n ti ń wo ẹni tó ń wẹ̀ lágbàlá.

Àwọn kan á ní ìgbádùn olówó ni ìdákẹ́jẹ́. Irọ́ ni. Ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu nílò rẹ̀. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC nílò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé nílò rẹ̀ jù. A ti rí bí ilé òpópónà Bode Thomas àti ti Adéníran Ògúnsànyà ṣe di ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì. Kí jẹnẹrétọ̀ tó ń bọ̀ má gba oorun lójú wa. Kí ọkọ̀ àwọn àlejò má dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń rọbí lóru.

Ṣùgbọ́n Bàbá, abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wa wà. Omi ẹ̀rọ láti Ìjù àti Àdìyàn kì í dé ọ̀pọ̀ ilé. Olúkúlùkù ló gbẹ́ bọ́hóòlù tirẹ̀, ó sì gbẹ́ ṣọ́kàwéè sí ìhà kejì ọgbà kan náà. Ẹ̀gbin ẹbí kan, ilẹ̀ lè gbé e mì kó sì sẹ́ ẹ. Bí orí bá pọ̀ lórí ilẹ̀ náà, ṣọ́kàwéè a kún, a wá ọ̀nà, kànga aládùúgbò ni yóò sì yà sí. Kí omi wa má di májèlé. Kí ẹ̀gbin má pàdé omi mímu níbi tí ojú kò tó. Kí wọ́n ṣe ibi ìdọ̀tí tó tó iye ẹni tí yóò lò ó, kí wọ́n fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìda kọ́ńkéré bò ó, kí òjò oṣù Òkúdù rí ibi wọlé sí dípò pálọ̀ wa.

Ilẹ̀ tí a tẹ̀, kí ó má yẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 2019, ilé wó ní Ìta Fáàjì, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Ènìyàn tó lé ní 40 ló bá a lọ, ẹni tó ń kọ́ ọ àti àwọn alágbàṣe tó wá oúnjẹ òòjọ́ wá. Tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀. Kí ẹnjiníà yẹ ilẹ̀ wò kí ó tó da ìpìlẹ̀. Irin tó wà nínú púláànù, kí òun náà ni yóò wà nínú òpó. Kí yanrìn má borí sìmẹ́ńtì. Bí ìwé bá sì ní àjà mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má fi ìkarùn-ún lé e lóru Sátidé nígbà tí ọ́fíìsì ti pa.

Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 dá àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé sílẹ̀, ó sì dá èyí tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọ sílẹ̀. Bùkún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Fún wọn ní ọkọ̀ tó ń rìn àti owó oṣù tó tó jẹun, kí àpò àwọn tó ń kọ́lé tà má baà wọ̀ wọ́n lójú. Àmì ìkìlọ̀ pupa tí wọ́n bá kùn sára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má rí ọ̀dà fi bò ó.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tó fi ṣọ́ọ̀bù dí ojú gọ́tà wà láàárín wa. Ẹni tó kọ́ yàrá kún ẹ̀yìnkùlé láìgbàṣẹ, òun ló ń pariwo jù nípàdé. Fọ̀ wá mọ́. Jẹ́ kí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé jókòó pọ̀, kí a mọ ìwé tí a ó bèèrè, kí a sì bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá dúró di àjà kẹta, ẹjọ́ ló kù fún un. Lẹ́tà tí a kọ, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò kà á. Kí èsì rẹ̀ jáde kí kọ́ńkéré àkọ́kọ́ tó dé.

Àṣẹ.