Ìrìnàjò Olówó Kékeré: Ta Ni Ó Ń San Ìyókù?

Nígbà tí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, ọ̀rọ̀ kan a máa jẹ yọ nínú ìpàdé wa: níbo ni ẹgbẹ́ yóò rìn lọ lọ́dún tí ń bọ̀, tí kò ní gbọ́n àpò wa gbẹ? Àwọn kan á dárúkọ Abẹ́òkúta. Wọ́n á ní ìlú tí odò Ògùn ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá ni, Òkè Olúmọ wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí ó bá sì kúrò ní Òkìtìpupa ní ìdájí yóò ti dé ibẹ̀ ní ọ̀sán. Àwọn mìíràn á dìde, wọ́n á ní ìnákúnàá ni. Wọ́n á béèrè pé ṣé owó tí à ń wá fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó fi lọ wo òkúta?

Mo fẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé, ṣé ó tọ́ kí obìnrin tí kò lówó púpọ̀ náwó lórí ìrìnàjò? Èkejì, tí a kì í sábà béèrè, ni pé bí a bá rí ọ̀nà láti lọ pẹ̀lú owó kékeré, ta ni ó ń san ìyókù?

Lórí ìbéèrè kìíní, ní tèmi, ó tọ́. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí kò tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn ni í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti tọ́mọ, tí ó ti sin òbí, tí kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú mìíràn àfi tí òkú tàbí ìgbéyàwó bá pè é. Abẹ́òkúta sì ní ẹ̀kọ́ fún wa. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn àtijọ́ ká. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú náà sì ti wá. Níbẹ̀ náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, tí a ń tẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ìwé ìròyìn kékeré tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, ọmọ ìyẹn ni.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì pàápàá ní ìtàn níbẹ̀. Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ṣàdédé já wọ ìlú onílùú. Àwọn Ẹ̀gbá tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà wá sílé láti Sàró, ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: a pè é kí ó tó wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé orí ìbéèrè kejì. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ràn ìṣirò. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ rìnrìn-àjò, akápò yóò kọ ọ́ ní ìlà-ìlà: owó ọkọ̀, oúnjẹ, ibùsùn, owó ẹnu-ọ̀nà, owó fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí gan-an, gbogbo wa ni a sì ń wá ibi tí a ó ti dín ìnáwó kù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tí ó ń ṣọ́ owó ná kì í ṣe ahun. Ṣùgbọ́n owó tí a bá dín kù kì í pòórá ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn, ńṣe ni a kàn gbé e lé ẹlòmíràn lórí. Mo rí ènìyàn mẹ́rin tí a sábà máa ń gbé e lé.

Ẹni kìíní ni olùgbàlejò. Ọ̀nà tí ó yá jù láti dín owó kù ni kí á má sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. A ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kan pé ọgbọ̀n ènìyàn ń bọ̀, kí wọ́n wá ibi tí a ó sùn. Akápò wa yóò kọ òdo síwájú ibùsùn, inú wa yóò sì dùn. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí òdo yẹn jẹ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí olúkúlùkù lo garawa omi kan lẹ́ẹ̀kan, ọgọ́ta garawa ni lójúmọ́ kí a tó fọ abọ́ kan. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, wọn yóò ra omi. Jẹnẹrétọ̀ yóò mu epo. Ìyá kan yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún ọjọ́ méjì kí ó lè dáná fún wa, bí ata ni ó sì ń tà, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ti jẹrà kí á tó dágbére.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀yin Ìyá, àlejò ṣíṣe kì í ṣe òwò. Ẹni tí ó bá ń ṣírò oúnjẹ tí a fún un ti sọ oore di ọjà." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí á bà á jẹ́. Obìnrin Ṣúnémù tí ó kọ́ yàrá fún Èlíṣà, tí ó gbé ibùsùn àti tábìlì síbẹ̀, kò retí owó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òun fúnra rẹ̀ ni ó rò ó, òun ni ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Èlíṣà kò kọ̀wé sí i pé kí ó tẹ́ ibùsùn. Nígbà tí Èlíṣà sì ti jẹ oore náà, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe fún un. Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí: oore ni ohun tí ẹni tí ń ṣe é lè kọ̀ láì sí ìtìjú. Bí kò bá lè kọ̀, owó orí ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bí a tilẹ̀ pè é ní ìfẹ́.

Ní ti owó orí, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1947, àwọn obìnrin ọjà àti àwọn tí wọ́n kàwé, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú wọn, jáde lọ sí ààfin Aláké láti kọ owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀. Wọn kò dákẹ́ títí a fi dá owó orí náà dúró, Aláké Ladapo Ademola sì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù kìíní 1949. Ohun tí àwọn obìnrin náà ń béèrè ni pé, èé ṣe tí ẹni tí a kò bi léèrè yóò fi máa sanwó? Kò ní dára kí àwa obìnrin lọ sí ìlú yẹn gan-an, kí á sì gbé ẹrù lé àwọn obìnrin mìíràn lórí láì bi wọ́n léèrè.

Kí ni a ó wá ṣe? Ìtàn Ẹ̀gbá náà ni ó tún fi ọ̀nà hàn wá. A gbọ́ pé Lísàbí, akọni tí ó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, inú ẹgbẹ́ àáró ni ó ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Àáró kì í ṣe òwò, nítorí a kì í san owó fún ẹni tí ó bá wa roko. Kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí olúkúlùkù mọ̀ pé oko ẹlòmíràn ni ó kàn lọ́la. Báyìí ni ó yẹ kí á máa wo àlejò. Bí a bá sùn nílé wọn lọ́dún yìí, kí á ti pè wọ́n wá sí Òkìtìpupa kí á tó kúrò níbẹ̀, kí á sì pè wọ́n tọkàntọkàn. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣetán láti gba ọgbọ̀n àlejò, kí ó má lọ gbé ọgbọ̀n àlejò fún ẹlòmíràn.

Ẹni kejì ni awakọ̀. A ó ní kí ó gba owó díẹ̀, kí ó fi ènìyàn mẹ́rin kún iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà, kí ó sì wà wá padà lóru kí á má baà sanwó ibùsùn alẹ́ kejì. Gbogbo wa mọ ọ̀nà Òrè sí Ṣágámù àti ohun tí ó ti mú lọ lọ́wọ́ àwọn ìdílé. Ìwọ̀nba owó tí a fi oorun awakọ̀ pamọ́, ẹ̀mí wa ni a fi ṣe ìdúró fún un.

Ẹni kẹta ni ẹni tí ó ń tajà. Ní Ìtòkú ni a ó ti ra àdìrẹ, ìnájà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣe púpúrù yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan náà tí a ń fi ṣe púpúrù ni wọ́n ń sọ di làfún, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sè, tí wọ́n sì ń fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ nájà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá rí i pé ojú ìyá náà ti rẹ̀wẹ̀sì, tí ó ń fẹ́ tà á nítorí ọ̀sán ti pọ́n tí kò sì tíì jẹun, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni bá mọ bí púpúrù ṣe ń jó ni lójú nínú èéfín kò yẹ kí ó fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni kẹrin, òun ni ó sún mọ́ wa jù: arábìnrin tí kò lè san tirẹ̀. A ó ní, "Owó kékeré ni, gbogbo wa ni yóò san iye kan náà." Ṣùgbọ́n iye kan náà kì í ṣe ẹrù kan náà. Ohun tí ó jẹ́ kékeré fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun lè jẹ́ owó ilé ìwé fún opó tí ó ń tọ́ ọmọ ọmọ. Kò ní sọ. Yóò ní ẹsẹ̀ ń dun òun, tàbí pé àlejò ń bọ̀. A ó sì lọ, a ó ya àwòrán, a ó padà wá sọ̀tàn níwájú rẹ̀. Ìrìnàjò tí a pè ní olówó kékeré ti ná an ní ipò rẹ̀ láàárín wa.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣètò rẹ̀, báyìí ni mo máa ṣe é. Láti oṣù kìíní ni a ó ti máa dá àjọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí owó náà má baà bọ́ lu ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá lè fi kún un yóò fún akápò nìkan, akápò yóò sì fi dí àlàfo ẹni tí kò pé. Àwọn méjèèjì kò ní mọ ara wọn. A ó yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òkúta Olúmọ a máa yọ̀ nígbà òjò, odò Ògùn a sì máa kún. A kò ní lọ nígbà Kérésì tàbí nígbà ọdún Lísàbí, tí ìlú ń kún tí ibùsùn sì ń wọ́n.

Nínú lẹ́tà wa, a kò ní kọ pé à ń bọ̀. A ó béèrè bóyá ó rọrùn, a ó sì fi kún un pé bí kò bá rọrùn, a lè wá ibòmíràn tàbí kí á wá ní ọdún mìíràn. Gbọ̀ngàn àti ilé ìwẹ̀ nìkan ni a ó tọrọ. Àwa ni yóò san owó omi àti ti epo jẹnẹrétọ̀. Púpúrù tí ó ti gbẹ lórí èéfín kì í tètè bàjẹ́, a ó gbé e dání pẹ̀lú epo pupa àti ẹja gbígbẹ láti Ìgbókòdá, àwa fúnra wa ni yóò dáná, a ó sì pe àwọn olùgbàlejò wá jẹun.

Kí á kúrò nílé ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, kí á gba Òrè, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù. Ní òwúrọ̀ Ẹtì, kí oòrùn tó mú, kí á gun Olúmọ. Àwọn kan ń bọ ní abẹ́ àpáta náà, kí á sì hùwà gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń hùwà nílé onílé. Láti orí rẹ̀ a ó rí ìlú àti odò. Lẹ́yìn náà ni Aké, tí Kàtídírà Pétérù Mímọ́ wà, àti Ìtòkú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí awakọ̀ ti sùn dáadáa, kí á padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ ó rí i pé gbogbo èyí yóò wọ́n díẹ̀ ju bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Bí owó wa kò bá tó ní ọdún kan, kí á dúró di ọdún kejì. Òkè Olúmọ kò ní ṣí kúrò níbẹ̀. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, nígbà tí akápò bá ka ìlà ìnáwó tán, mo bẹ̀ yín, kí ẹnìkan nawọ́ sókè kí ó béèrè pé, "Èyí tí a kò san ńkọ́, ta ni yóò san án?" Kí a má sì dìbò títí a ó fi rí ìdáhùn.

Kí Olúwa kí ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.