Ìdí Igi Mẹ́ta, Orí Mẹ́fà

Ká sọ pé bàbá kan kú ní Ìkìrun, ó fi oko kòkó sílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kékeré bí mẹ́ta. Báwo la ṣe máa pín in?

Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ojú ìyá la máa wò. Ọmọ ìyáálé á gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ àárín á gba ìdá kan nínú mẹ́fà níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kẹ́yìn á gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn ò dọ́gba, a ò lè ṣàdéédéé rò wọ́n pọ̀. Àfi ká gé oko náà sí ọ̀nà 18. Ó wá di 6, 3, 3, 2, 2, 2. Ó pé, àmọ́ ojú wá là: ọmọ bàbá kan náà, ọ̀kan mú 6, ọ̀kan mú 2.

Orí-ò-jorí ńkọ́? 3-3 ni fún gbogbo wọn. (Àwọn ọmọ àárín ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, 3 náà ni tiwọn lọ́nà méjèèjì!)

Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé láti Èkó, lórí ogún bàbá tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, dé iwájú Privy Council ní London. Ní 1962, wọ́n fara mọ́ ìdí-igi.

Ìṣirò méjèèjì ló pé, kọ̀ǹpútà ò ní sọ èyí tó tọ́. Àwa ń ti orí-ò-jorí lẹ́yìn, torí ọmọ kì í yan ìyá. Ìyáálé tó bá bàbá ṣán oko yẹn kí ìkejì tó wọlé ò ní gbà fún wa, a ò sì tíì rí èsì fún un.