Alágbàtọ́ Ajá Tí Ó Ń Gba Ìwòsàn



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Síbẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní 1977, títí di òní tí ilé ti kún gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ajá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ayálégbé bá ń kó jáde, a kó àga, a kó ibùsùn, a kó ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a fi ajá sílẹ̀ sí ẹnu géètì. Yóò máa dúró de olówó rẹ̀ títí ebi yóò fi lé e dé orí ààtàn.

Àwọn kan wà tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ń ṣe láàánú. Ní Èkó yìí, Dókítà Mark Ofua, tí í ṣe oníṣègùn ẹranko, dá Saint Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ láti máa gba ẹranko tí ó wà nínú ìpọ́njú là. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo tí a bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àyè kì í tó. Nítorí náà ni a fi ń wá alágbàtọ́, èyíinì ni ẹni tí yóò gba ajá sí ilé fún ìgbà díẹ̀, tí yóò tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, tí yóò sì fà á lé ọwọ́ ẹni tí yóò ni ín.

Nínú àwọn ajá bẹ́ẹ̀, a máa ń rí èyí tí aràn inú ọkàn ń bá jà. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri, àwa tí a sì ń gbé láàárín gọ́tà àti kánáàlì kò nílò ẹni tí yóò júwe ẹ̀fọn fún wa. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ajá tí ó ní àrùn náà, yóò gbé ọmọ aràn lọ sí ara ajá mìíràn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ aràn náà yóò ti di àgbà nínú ọkàn àti nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Abo rẹ̀ lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì lè lo ọdún 5 sí 7. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ajá náà ń jẹun, ó ń gbó, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ yóò dé, tí yóò máa rù, tí kò ní lè sáré mọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà a kọ́kọ́ fún un ní oògùn doxycycline fún nǹkan bí oṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ melarsomine, tí ársẹ́nìkì wà nínú rẹ̀: májèlé ni, ṣùgbọ́n a fi òṣùwọ̀n lò ó. A ó gún un ní ẹyọ kan. Nígbà tí oṣù kan bá kọjá, a ó gún un ní méjì sí i, ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra. Abẹ́rẹ́ yìí ni ó ń pa àgbà aràn.

Ibi tí ènìyàn rò pé ogun ti parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ewu ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Òkú aràn kì í jáde lára. Yóò máa já sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ajá bá sinmi jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ yóò máa mú un kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sáré, tí ó fò, tí ó lé ológbò, àjákù òkú aràn lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀, ajá náà sì lè ṣubú kí ó kú. Nítorí èyí ni a fi ń há a mọ́ ibi tóóró ní gbogbo àkókò abẹ́rẹ́, àti fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn èyí tí ó kẹ́yìn. Okùn ni a fi ń mú un jáde lọ tọ̀, okùn náà ni a sì fi ń mú un wọlé.

Ẹ wá wo iṣẹ́ alágbàtọ́ bí ó ti rí. Ara ajá ti ń yá. Ó ń ju ìrù, ó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo alágbàtọ́ lójú bí ẹni tí a ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ní kí a tú u sílẹ̀ kí ó ṣeré. Aládùúgbò ní ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ajá náà kò ní tú u. Okùn ọ̀hún kì í ṣe ìyà, àánú ni.

Ẹ̀yin ará, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Nínú Sákrámẹ́ntì Ìjẹ́wọ́, Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wá ní tòótọ́. Kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà tí ẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ kì í kúrò ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà ni Ìjọ Mímọ́ fi ń yan iṣẹ́ ìrònúpìwàdà fún ẹni tí ó jẹ́wọ́, tí ó sì ń kìlọ̀ fún un pé kí ó yẹra fún ibi tí ó ti ṣubú. Ẹni tí ó ti fi ọtí sílẹ̀ ní oṣù méjì, ẹ jẹ́ kí a má ṣe fà á lọ sí ìnáwó, kí a má sọ fún un pé ìgò kan kò lè pa á. Ọmọ tí ó padà bọ̀ láti inú igbó mímu, ẹ má ṣe bínú bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá tíì jẹ́ kí ó dá jáde lálẹ́. Ìwọ tìkara rẹ tí o jẹ́wọ́ ní Sátidé tí ó kọjá, má ṣe rò pé nítorí ara ń yá ọ, o ti lè sáré. Jókòó jẹ́ẹ́ ná. Gbàdúrà. Jẹ́ kí oore-ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹnìkan yóò wí pé: "Fáà, ṣé kò sí ọmọ ènìyàn tí ebi ń pa ni, tí a fi ń ná owó sórí ajá?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ti Ìjọ, tí Póòpù Jòhánù Páùlù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992, dá wa lóhùn ní ọ̀nà méjì. Ó kọ́ wa pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni ẹranko, pé ó tọ́ kí a ṣàánú wọn, kò sì yẹ ọmọ ènìyàn láti jẹ wọ́n níyà láìnídìí. Ó tún kọ́ wa pé owó tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi yọ ènìyàn nínú òṣì kò gbọdọ̀ di ti ẹranko. Nítorí náà, má ṣe fi owó ilé ìwé ọmọ rẹ ra oògùn ajá. Ṣùgbọ́n omi tútù, igun ilé kan tí ó ní ìbòòji, àti sùúrù oṣù díẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àánú sí ẹranko a sì máa padà wá bá ènìyàn. Ivermectin, oògùn kan náà tí a fi ń dènà aràn inú ọkàn lára ajá, oògùn ẹran ọ̀sìn ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1987 ni a ti ń fún àwọn ènìyàn ní i lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àrùn tí ń fọ́ ojú àwọn ará ẹ̀bá odò, Nàìjíríà sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó jàǹfààní. William Campbell àti Satoshi Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, ẹ lọ bá dókítà ẹranko fún oògùn ìdènà tí a ń lò lóṣooṣù. Ẹ má ṣe fi oògùn ènìyàn díwọ̀n fún ajá fúnra yín. Gbogbo wa pátá, ẹ jẹ́ kí a da omi tí ó dá dúró láyìíká ilé nù, nítorí ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀tá ajá nìkan.

Ohun kan ṣẹ́kù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá pé, tí dókítà bá ní kí a tú okùn, alágbàtọ́ yóò fa ajá náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Yóò dùn ún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ti òun. Jósẹ́fù Mímọ́, alágbàtọ́ Olúwa wa, mọ irú ìfẹ́ yìí: ó tọ́jú Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì wá èrè. Kí ó bá wa bẹ Ọlọ́run, kí a lè ní sùúrù fún ẹ̀dá gbogbo tí ń gba ìwòsàn lọ́wọ́ wa, àti fún ọkàn wa tí ń gba ìwòsàn lọ́wọ́ Rẹ̀. Àmín.