Ẹ̀bi Ikú Ẹja Inú Gíláàsì

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn lórí ibi tí ẹ̀bi ènìyàn pin sí nígbà tí ohun tí ó ṣe fún ire bá ṣe ẹ̀dá mìíràn léṣe. Kòtò, màlúù tí ń kan ènìyàn àti ilé tí ó wó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nǹkan ńlá ni wọ́n, tí ìpalára wọn sì hàn sí gbogbo ojú. Ṣùgbọ́n ẹja ọ̀ṣọ́ tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí ènìyàn fi sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, tí ẹ̀rọ tí ń fọ omi rẹ̀ mọ́ sì fà mọ́ra títí tí lẹbẹ rẹ̀ fi ya tàbí tí ó fi kú, gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ kedere ju kòtò lọ, nítorí pé nínú àpótí yẹn kò sí ohun kan tí ènìyàn kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀.

Ẹ̀rọ asẹ́mi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fíìtà, máa ń fa omi wọlé láti ẹnu kan tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, fáànù kékeré kan tí iná mànàmáná ń yí ni ó sì ń fún un ní agbára; omi náà á gba inú fóòmù kọjá, á sì padà sínú àpótí. Ìdọ̀tí tí ojú rí nìkan kọ́ ni fóòmù yìí ń bá jà. Inú rẹ̀ ni àwọn bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí, fi ṣe ilé, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ amóníà, májèlé tí ó ń jáde láti ara ẹja, láti inú ìgbẹ́ rẹ̀ àti láti inú àjẹkù oúnjẹ, di náítíráìtì tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé, kí àwọn bakitéríà mìíràn tó sọ náítíráìtì di náítíréètì tí ìpalára rẹ̀ kéré sí ti àwọn méjì àkọ́kọ́. Nínú odò, ilẹ̀ odò, ewéko àti omi tí ń ṣàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìgba owó. Nínú gíláàsì, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn á wọ́n àwọn bakitéríà náà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi á sì di májèlé fún ẹja. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti sọ pé kí ènìyàn yọ ẹ̀rọ kúrò: ohun tí ó lè ṣe ẹja náà léṣe ni ó tún mú un wà láàyè.

Ẹja kan tí ó jẹ́ ọmọ odò ilẹ̀ Nàìjíríà yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, ṣùgbọ́n kribensis ni àwọn tí ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pè é. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà àti ti etí òkun Kamẹrúùnù ni orísun rẹ̀. Akọ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kò tó bẹ́ẹ̀, ikùn abo a sì máa pọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Inú ihò ni ó ń yé sí, bí àwọn ọmọ bá sì ti lè lúwẹ̀ẹ́, ìyá àti bàbá ni yóò jọ máa dà wọ́n kiri, tí wọn yóò sì máa lé ẹja yòówù tí ó bá sún mọ́ wọn, kódà bí ó bá tóbi jù wọ́n lọ. Ọ̀tá tí ìwà àdámọ́ wọn mọ̀ ni èyí tí ó ń bọ̀ wá bá wọn. Ẹnu ẹ̀rọ asẹ́mi kì í wá bá ẹnikẹ́ni. Ojú kan ni ó dúró sí, kò ní ìrísí ọ̀tá, kò ní òórùn ọ̀tá, ó kàn ń fa omi ni, ọmọ tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀ kò sì ní agbára tí yóò fi já ara rẹ̀ gbà. Àwọn òbí yóò wà nítòsí láìmọ ohun tí wọn yóò lé. Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé bí omi tí àwọn ọmọ ẹja yìí ti ń dàgbà bá kan, akọ a máa pọ̀ láàrin wọn, bí kíkan rẹ̀ bá sì dínkù, abo ni yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó pọn omi sínú àpótí tipa bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí yíyan akọ tàbí abo fún ẹ̀dá tí kò tíì dàgbà. Irú àṣẹ báyìí lórí ayé ẹlòmíràn ṣọ̀wọ́n. Bàbá pàápàá kò ní in lórí ọmọ rẹ̀.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí sísin ẹja ní àwíjàre kan tí kò yẹ kí a gbójú fò. Wọ́n ní ẹja tí ara rẹ̀ dá kì í há sẹ́nu ẹ̀rọ, pé èyí tí a bá bá níbẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ tàbí ó ti kú kí ẹ̀rọ tó fà á. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní ti ẹja tí ó ti dàgbà, ó sì wúlò, nítorí pé ó ń rán olùsìn ẹja létí kí ó lọ yẹ omi wò dípò kí ó máa bú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni láre. Bí ó bá jẹ́ omi ni ó sọ ẹja di aláìlera, ta ni ó ni omi? Ti ẹja ọ̀ṣọ́ tí à ń pè ní betta tilẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Lẹbẹ betta tí kò tíì kúrò nínú omi ẹrẹ̀ ilẹ̀ Thailand, níbi tí ó ti wá, kúrú. Ènìyàn ni ó ń yan akọ àti abo fún ara wọn láti ìran dé ìran títí tí lẹbẹ náà fi ń wọ́ tuurutu bí agbádá, tí ẹja kò sì lè borí omi tí ń ṣàn kíkankíkan mọ́. Àìlera tí ó gbé e dé ẹnu ẹ̀rọ, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá. Èrò Yorùbá a máa ya àyànmọ́, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá gbà wá sáyé, sọ́tọ̀ kúrò lára àfọwọ́fà, ìyẹn ibi tí ènìyàn fi ìwà ara rẹ̀ fà wá sórí ara rẹ̀. Ikú ẹja yìí kò bọ́ sí ibì kankan nínú méjèèjì bí a bá wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹja. Àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fà á kọ́ ni ó kú.

Lórí irú ẹ̀bi báyìí, òfin tí ó wà nínú Ẹ́kísódù orí 21 nínú Bíbélì sọ pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì já sínú rẹ̀, ni yóò san owó ẹran náà. Òfin náà kò béèrè bóyá olúwarẹ̀ kórìíra ẹran ọ̀hún tàbí bóyá ó wà nítòsí nígbà tí ó já sí kòtò. Irú èrò kan náà ni ó wà nínú Diutarónómì orí 22, níbi tí a ti pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú. Síbẹ̀, òfin kòtò ní ààlà kan: olówó ẹran ni a ń san owó fún, kì í ṣe ẹran. Nínú ọ̀rọ̀ ẹja, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò ni ó tún ni ẹran, nítorí náà kò sí olùpẹ̀jọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lórí òfin nìkan lè ká ẹní rẹ̀ níbẹ̀.

Hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, ni ó dí àlàfo yìí. Nínú ọ̀kan tí ó wà nínú àkójọ hádíìsì tí Bukhari àti Muslim ṣe, obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé títí tí ó fi kú: kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá ohun tí yóò jẹ nílẹ̀. Kò sí ọmọ ènìyàn tí ó pàdánù nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Apá méjì ni ẹ̀sùn náà ní, wọn kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìta ni ológbò náà wà, tí obìnrin yìí kò sì bọ́ ọ, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò dá a lẹ́bi. Títì tí ó ti ọ̀nà mọ́ ọn ni ó sọ àìṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Sísé ẹ̀dá mọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ni èèwọ̀, nítorí hádíìsì mìíràn wà nípa ọmọdé kan, Abu Umayr, tí ó ní ẹyẹ kékeré tí ó fi ń ṣeré, tí Ànábì sì bi í nípa ẹyẹ náà láìbá a wí pé ó sìn ín. Clare Palmer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó kọ ìwé Animal Ethics in Context ní ọdún 2010, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí kò jìnnà sí èyí: lójú tirẹ̀, gbèsè ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn jẹ ẹranko inú igbó kò tó èyí tí ó jẹ ẹranko tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ di ẹni tí kò lè dá dúró.

Àtakò tí ó le jù ni ti ìkòkò ọbẹ̀. Kí ni ó kan àwùjọ tí ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ nínú lẹbẹ ẹja kan tí ó ya? Òfin Ìtọ́jú Ẹranko ti ọdún 2006 ní England àti Wales gba ẹja mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó ń dáàbò bò, nítorí pé ẹja ní egungun ẹ̀yìn, ó sì pàṣẹ fún ẹni tí ẹranko wà níkàáwọ́ rẹ̀ pé kí ó ṣe ohun tí ó yẹ láti pèsè fún àìní rẹ̀. Òfin yìí kan náà sọ pé òun kò kan iṣẹ́ ẹja pípa bí a ti máa ń ṣe é. Àwọn kan lè pe èyí ní àgàbàgebè, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Apẹja kò fìgbà kan sọ fún ẹja inú odò pé òun ni yóò máa fún un ní omi àti oúnjẹ. Ẹni tí ó gbé e sínú gíláàsì ti gba iṣẹ́ odò ṣe, kò sì lè fi ọbẹ̀ tí aládùúgbò ń sè ṣe àwíjàre.

Ní ti pé bóyá ẹja ń jẹ̀rora rárá, àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Descartes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ka ẹranko sí irú ẹ̀rọ kan. Ní ọdún 2003, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹja trout tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ èròjà kíkan sí ètè a máa fi ètè náà ra mọ́ ara òkúta, pé oògùn apàrora sì ń dín ìwà yìí kù. Ní 2016, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Brian Key, kọ̀wé pé ẹja kò ní apá ọpọlọ tí ó yẹ kí ó fi mọ ìrora. Ojúṣe olùsìn ẹja kò ní láti dúró de ìdájọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí yóò ná an láti yẹra fún ewu náà kò ju ègé fóòmù kan lọ.

Òwe tí ó ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò ni ó máa ń tètè wá sọ́kàn nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò tó níbí. Ẹni tí ó bá fi ìka kan ẹnu ẹ̀rọ asẹ́mi kò ní mọ̀ ju pé omi ń fà díẹ̀ lọ, yóò sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ewu. Ara ẹja tí ó kéré jù, tí ó sì jẹ́ aláìlera jù nínú àpótí, ni òṣùwọ̀n tí ó tọ́. Bí àpótí náà bá ti ní ọmọ tuntun nínú, òṣùwọ̀n ti yí padà, bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ yí padà.

Ìtọ́jú tí èyí ń béèrè kò ṣòro, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a gbàgbé. Fóòmù ni a ó fi bo ẹnu ẹ̀rọ, tàbí kí a lo irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́ fóòmù látòkè délẹ̀, tí atẹ́gùn tí a ń fẹ́ sínú rẹ̀ ń mú kí omi gba inú rẹ̀ kọjá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Fóòmù náà yóò máa dí, a ó sì máa fi omi tí a bù láti inú àpótí fọ̀ ọ́, nítorí pé kiloríìnì inú omi táàpù a máa pa bakitéríà. Ní ìlú bíi Èkó, níbi tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ọmọ ẹja lè wọ inú ẹnu ẹ̀rọ tí ó dákẹ́, kí iná sì dé lójijì, kí ẹ̀rọ sì fà á. Ẹni tí kò bá ní àyè fún gbogbo èyí kò yẹ kí ó ra ẹja. Kí ó ra àwòrán ẹja, kí ó gbé e kọ́ ara ògiri.